Wọ́n Ní Wọ́n Dá Mi Padà

Mo padà wá sílé ni. Kò sẹ́ni tó dá mi padà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí ní kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tí à ń gbé ní Festac, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tó padà ni ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé, tí wọ́n ń kí káàbọ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà ni wọ́n máa ń yọjú wò láti ojú fèrèsé, tí wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ohun tó jí.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan níbí l'Ékòó. Omi kànga ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Láti Satellite Town, níbi tí wọ́n ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ sí, títí dé àdúgbò tiwa, mo mọ kànga tí omi rẹ̀ ń rùn, mo sì mọ èyí tó mọ́ lójú àmọ́ tí mi ò ní bu mu. Bí epo ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa kò sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí yunifásítì kan lókè òkun ní kí n wá lo tiwọn fún ọdún kan, inú mi dùn, mo di àwọn ìgò omi mi, mo lọ gba físà.

Wọ́n fún mi ní físà náà. Wọ́n tẹ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kéré débi pé mo ní láti bọ́ jígí ojú mi kí n tó rí i kà. Ó ní bí mo bá parí ohun tí mo wá ṣe, dandan ni kí n padà sí orílẹ̀-èdè mi, kí n sì lo ọdún méjì níbẹ̀ kí n tó lè tọrọ àyè láti wá ṣiṣẹ́ tàbí láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ dúró?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi pe àwọn ará kúlóòsì sí pálọ̀. Ìyá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ tiwa ló ń gbé, òun àti ìyá mi sì ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ọlọ́run tó ń mú ọ lọ, òun náà ni yóò dá ọ padà fún mi. Tayọ̀tayọ̀ ni yóò dá ọ padà, kì í ṣe nínú pósí." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti ìyá ìsàlẹ̀ ló ròkè jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n wá fara hàn ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn onímọ̀ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ọmọbìnrin kan tó mọ ìwà hù ni mo bá níbẹ̀, àmọ́ ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún mi bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ. Ó wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo físà mi. Ó ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé sílẹ̀, kódà bí mo bá kó lọ sí òpópónà kejì, mo gbọ́dọ̀ wá sọ. Mi ò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ mìíràn kún tèyí. Bí mo bá fẹ́ jáde kúrò nílùú wọn, kódà láti lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé fún mi. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ adójútòfò. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá pé owó wà tí wọ́n á fi tọ́jú mi bí ara mi kò bá yá, àti pé owó wà tí wọ́n á fi gbé òkú mi wálé bí mo bá kú.

Mo ní, "Ṣé dandan ni ti òkú yẹn?"

Ó ní, "Dandan ni."

Mo rántí pósí tí ìyá mi mẹ́nu bà. Ìyá mi ti bá Ọlọ́run parí ọ̀rọ̀ yẹn ní pálọ̀ wa, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n á kọ àdúrà sí nínú fọ́ọ̀mù wọn, nítorí náà mo san án.

Nígbà tí mo rò pé a ti parí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí dókítà tó fẹ́ túfọ̀. Ó ní òfin ọdún méjì kàn mí. Ó ní kí n má bínú.

"Kí ni n ó ṣe bínú sí?"

"Pé o gbọ́dọ̀ padà sílé."

"Ilé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé rẹ."

Mo sọ fún un pé níbi tí mo ti wá, a kì í fi ilé halẹ̀ mọ́ onílé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ títí di òní.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n gba ohun tí mo ti fẹ́ fi ìfẹ́ inú mi ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìyà. Ọmọ tó ti dìde láti gbálẹ̀, tí ẹnì kan wá na ìgbálẹ̀ sí i pé kó dìde kó gbálẹ̀, ṣé kò ní wù ú kó jókòó padà? Mi ò jókòó. Mi ò ní jẹ́ kí òfin ẹnikẹ́ni ba ilé mi jẹ́ mọ́ mi lójú.

Mo ṣe iṣẹ́ mi níbẹ̀, ó sì yọrí sí rere. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n máa bọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pè mí jókòó, ó ní kí n dúró, pé iṣẹ́ wà. Ó ní ti ọdún méjì yẹn kì í ṣe ìṣòro: bí ìjọba orílẹ̀-èdè mi bá ti lè kọ lẹ́tà pé àwọn kò lòdì sí i, wọ́n á fagi lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní omi tí mo gbé wá nínú ìgò ti tán, àwọn kànga náà kò sì lè wá bá mi. Ó rò pé owó ni mò ń fi ìyẹn dúnàá-dúrà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gbé ju ìlú kan lọ láyé rẹ̀?

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní ẹnu kúlóòsì wa, ìyá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń sá aṣọ. Ó wò mí, ó wo àpótí mi.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Mo ti dé ni."

"Káàbọ̀ o. Ìgbà wo lo máa padà lọ?"

"Mi ò padà lọ mọ́, mà. Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe ti parí."

Ó fi pẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ há aṣọ, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà àbáyọ," ló wí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo kúlóòsì ti gbọ́ pé wọ́n dá mi padà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n kàn ń kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀ ni. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bọ́ fìlà fún mi, ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra." Mo ní kí ni mò ń mú mọ́ra? Ó mi orí, ó kọjá lọ.

Ti àwọn yẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti ìyá mi. Ó ti dì mọ́ mi, ó ti sunkún ayọ̀, ó ti se ẹ̀fọ́ rírò tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ kejì, mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀: "Ó kàn wá kí mi ni. Kò ní pẹ́ lọ." Ẹni kan wá, ó sọ ọ́. Òmíràn wá, ó tún un sọ. Àpótí mi ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn pálọ̀, níbi tí ojú àlejò á ti kọ́kọ́ bà á. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sórí wọ́dúróòbù, ó ní, "Fi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Màámi, òfìfo ni."

"Ta ló mọ̀ pé òfìfo ni?"

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ẹ̀ ń fi mí pamọ́ nínú ilé yín, mà."

"O ò mọ ẹnu wọn ni. Nínú gbogbo ọmọ tó lọ láti inú kúlóòsì yìí, èwo ló padà?"

Mo rò ó yíká, kò sí. Láti ẹnu géètì dé ìparí ọ̀nà, àwọn ìyá àti bàbá ló kù nínú àwọn fúláàtì náà, tí wọ́n ń fi fóònù bá ọmọ-ọmọ wọn ṣeré. Ìyá ìsàlẹ̀ náà wà lára wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi owó ránṣẹ́, wọn kò jẹ́ wá. Mo lóye ìyá mi, àmọ́ mi ò gbà fún un. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó ṣílẹ̀kùn, kó sọ pé ọmọ òun ti délé. Ó kọ̀.

Ó tún lọ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí mi. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ẹni tó lè bá a yanjú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀.

"Gbọ́, mo ti bá gáì kan sọ̀rọ̀ l'Ábújá. Lẹ́tà yẹn ò le rárá. Gọ́fúmẹ́ńtì á kàn kọ ọ́ pé àwọn ò lòdì sí i, finíṣì. Kó tó di ọdún tó ń bọ̀, o ti jápa padà."

"Gọ́fúmẹ́ńtì lè má lòdì sí i, Bọ̀dá mi. Èmi ni mo lòdì sí i."

"Àwọn èèyàn ń kú sójú òkun nítorí ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún àwọn yẹn."

Ó wo ìyá mi pé kó bá òun dá sí i. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni kànga ẹlẹ́rọ tí gbogbo kúlóòsì ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní fura, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Mo bu omi rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Wọ́n pe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday lábẹ́ igi fúrúùtù, kálukú gbé àga rẹ̀ wá. Mo dìde, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ kànga náà. Mo ṣàlàyé pé n ó máa yẹ omi náà wò lójò lẹ́ẹ̀rùn, ó kéré tán fún ọdún méjì, ká lè mọ ọ̀nà tí epo náà ń gbà wọlé àti ibi tí a lè gbẹ́ òmíràn sí. Àwọn kan ti ń mi orí pé ó dáa.

Ìyá ìsàlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Mi ò bá ọ jà o, ọmọ mi. Àmọ́ iṣẹ́ ọdún méjì kọ́ la máa gbé fún ẹni tó ń lọ lọ́la. Ìyá rẹ ló sọ fún wa pé o kàn wá kí òun ni."

Mo wo ìyá mi. Mo lè sọ nǹkan kan láti yọ ọ́, ó sì mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mi ò ṣe é. Mo dúró gbọnin, mo ń wò ó.

Ìyá mi dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Irọ́ ni mo pa. Kò wá kí mi. Ó ti délé."

Ìyá ìsàlẹ̀ wò ó. Kò dà bí ẹni tó fẹ́ fini ṣẹ̀sín, ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. "Ṣé òótọ́ wá ni ohun tí wọ́n ń sọ, pé wọ́n dá a padà?"

Mo lanu. Mo ti ní àlàyé mi lẹ́nu, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún yín, pé mo padà ni, kò sẹ́ni tó dá mi padà. Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Wọ́n dá a padà. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Nínú pálọ̀ mi ni mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó dá a padà fún mi. Àmín tìrẹ ló ròkè jù. Kí lẹ rò pé à ń tọrọ nígbà yẹn?"

Ìyá ìsàlẹ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́," ni ìyá mi wí, ó sì jókòó.