Ọ̀dà Funfun Lórí Igi Jíjẹrà

Obìnrin kan já bọ́ láti òkè ilé pẹtẹ́ẹ̀sì oníṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìgboro, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú kóòtù oníkóòtù lọ́wọ́. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú. Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ní àdánù ńlá gbáà ló ṣẹlẹ̀. Mo tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ náà fi parí, mo ń retí kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Bákónì tó wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n ń dárò.

Ilé náà kò tóbi. Báǹkì onígíláàsì méjì ló há a mọ́ àárín, bí ọmọdé tó jókòó sáàárín àwọn àgbà nínú ọkọ̀. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ tí orí wọn rí bí òṣùpá àbọ̀, fèrèsé òkè rẹ̀ jẹ́ onígi, bákónì onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára sì yọ síta sórí títì. Oníṣòwò iyọ̀ ló kọ́ ọ, kó lè máa dúró lókè wo àwọn tó ń já ẹrù rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń kó iyọ̀ náà sí. Iyọ̀ wọ inú ògiri, kò sì jáde mọ́. Títí di òní, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ara ògiri yẹn á máa laagun funfun, iyọ̀ sì ti jẹ àwọn irin tó gbé bákónì dúró tipẹ́tipẹ́. Oníṣòwò kú, àwọn atẹ̀wé gbà á, àwọn náà lọ, ó wá kan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Màmá Ojú-Ọ̀sán ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú aṣọ tó ya, kó rán an débi pé ìwọ tó o ni ín kò ní rí ojú ibi tó ya mọ́. Kì í yan òwú lábẹ́ iná. Ó ní iná máa ń parọ́ mọ́ òwú, pé dúdú mẹ́wàá ló wà láyé, ojúmọ́ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo gbé ṣòkòtò mi tó ya níjòkòó lọ bá a, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé ṣòkòtò ló ń súnkì ni àbí èmi ni mò ń wú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Gbogbo ará òkè ilé náà ló mọ̀ pé bákónì yẹn kì í ṣe ibi ìdúró. Ẹnu ọ̀nà ni màmá máa ń dúró sí, á na aṣọ àti òwú síta sínú ìmọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọjá pákó àkọ́kọ́. Wọ́n mú káfíńtà wá kó tún un ṣe. Ọ́fíìsì lé káfíńtà náà, wọ́n ní yóò ba ìtàn jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kan ìṣó kan mọ́ ọn láìgbàṣẹ. Àwọn ará ilé tọrọ àṣẹ. Àṣẹ náà ń bọ̀ lọ́nà títí dòní.

Àfìgbà tí àwọn ènìyàn ńlá fẹ́ wá ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí tí wọ́n fi sára ògiri. Wéré, àwọn kunlékunlé tí ọ́fíìsì rán dé. Wọ́n po pọ́tì bí ẹ̀kọ, wọ́n fi dí gbogbo ihò ara igi, wọ́n kun ọ̀dà funfun lé e lórí, ó ń dán gbinrin. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Atúnagogoṣe tó wà nísàlẹ̀ sọ fún mi pé inú màmá dùn lọ́jọ́ náà, ó yọrí lójú fèrèsé òkè, ó ń bá òun sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Ó ní, “Wọ́n mà ti bá wa tún un ṣe o. Ọlọ́run á bá wọn tún tiwọn ṣe.”

Àdúrà ló ń ṣe fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kóòtù dúdú kan jáde, ó rìn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù, ó fara ti igi ọwọ́ bákónì.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin kan fún mi ní àga, ó pè mí ní bàbá, ó bọ̀wọ̀ fún mi títí.

“Bàbá, kí ni màmá ń wá níbẹ̀ gan-an? Ẹwà la fi ṣe é, a ò ní kí ẹnikẹ́ni dúró lé e.”

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ṣé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹwà ni? Ta lẹ dí ojú ihò yẹn mọ́, ṣé ikán ni? Nígbà tí igi ṣì dúdú tó sì ń rún, gbogbo ará òkè ilé ń bẹ̀rù rẹ̀, ìbẹ̀rù ọ̀hún ló sì dá ẹ̀mí wọn sí.

Orúkọ oníṣòwò iyọ̀ wà lára òkúta ìrántí yẹn. Orúkọ ẹni tó ya àwòrán ilé wà níbẹ̀, ti ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù náà wà níbẹ̀. Ọmọ màmá, obìnrin tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wọ ilé náà, lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìlà kan kún un. Wọ́n ní ìtàn ilé náà ti parí kí ìyá rẹ̀ tó débẹ̀.

Ọmọ náà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí, nítorí kò níbòmíì tí yóò lọ. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn tó ṣí sí òfìfo. Mi ò retí pé ẹnikẹ́ni yóò jẹ̀bi. Mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò jókòó, yóò dìde, a ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n orúkọ kan péré ni mò ń béèrè, n kò sì ní yéé béèrè: ẹni tó ní kí wọ́n fi pọ́tì dí igi yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dí ihò tí kò kọ́kọ́ rí.