Obìnrin Tí Wọ́n Ní Kó Wo Ọ̀gá Lójú

Obìnrin náà pàdánù iṣẹ́ ògbufọ̀ nítorí pé ó wo olùkọ́ lójú. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ló ní kó wo òun.

Igbó Ẹfọ̀n ni, lọ́dún tó kọjá. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànù kan fẹ́ yan ògbufọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀gá kan, Yorùbá bíi tiwa tó ti pẹ́ ní Jàpáànù, láti kọ́ wọn lédè náà. Ìròyìn ni mo wá kọ, ni mo bá jókòó kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Obìnrin yìí ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ọmọ apẹja láti Ikate. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà tó o nínú wa.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ojú là ń kọ́. Shisen ni ọ̀nà tí ojú ẹnì kan gbà dé ara ẹlòmíì. Mesen ni ibi téèyàn dúró sí tó fi ń wo nǹkan. Ọ̀gá pe obìnrin náà síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó ń wolẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Kò ṣi ọ̀kan sọ nínú ohun tí Ọ̀gá bi í.

"Ṣé ilẹ̀ tó o máa ń gbá lò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Ọ̀gá bi í. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. "Ue kara mesen ńkọ́? Fún wa ní àpẹẹrẹ."

"Kéèyàn máa wo ẹnìkejì látòkè wálẹ̀ ni, sà. Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí."

Kò fi bú u. Àpẹẹrẹ ni wọ́n bi í, àpẹẹrẹ ló mú wá.

"Dìde. Wò mí lójú. Ògbufọ̀ kì í wolẹ̀. Tó o bá ṣẹ́jú, gbàgbé iṣẹ́ yẹn."

Ó wò ó. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Akọ̀wé kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹja yíyan ni, ojú rẹ̀ kì í pa dé." Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó yíjú sí wa. "Ṣé ẹ rí i? Ó ń ranjú mọ́ àgbà. Ṣé irú èyí la máa mú lọ síwájú àlejò?"

Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin náà rí òun fín, ó ní kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo fọwọ́ sí i. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ kí n wọlé.

Obìnrin náà dá mi dúró ní géètì. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ dúró sí tẹ́ ẹ fi rí i?"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e làwọn yóò kéde ògbufọ̀. Ní ti obìnrin náà, wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kó máa gbà wọlé, kí ojú àlejò má baà kàn án.