Àwọn Aláboyún Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Kò Rí

Ẹ má bínú sí ọwọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì kọ ohun tó gùn ju lẹ́tà lọ rí.

Ní àwọn ọdún tí nǹkan le, ilé ìgbẹ̀bí kan ní Àkúrẹ́ gbà mí láti máa gbálẹ̀. Ọ̀gá wa, nọ́ọ̀sì àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, rí i pé ọwọ́ mi yá, ó ní kí n máa tẹ orúkọ àwọn aláboyún sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà fi kú. Wọ́n ra òmíràn, wọ́n kó àwọn orúkọ inú ti àkọ́kọ́ àti ètò àtijọ́ tí a fi ń ṣí wọn sí i, ṣùgbọ́n orúkọ kankan kò yọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Oǹdó. Ó ní dráífà ni kò sí, ìyẹn ohun tó ń so ètò náà mọ́ ibi tí orúkọ wà. Ó fi í sí i, kò gbà. Ó yọ ọ́, ó tún fi í sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo.

Màmá ní, "Ará Oǹdó, ṣé ò ń tún un ṣe ni, àbí o fẹ́ fi í ṣaya?"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù ti tán. Bí kò bá ṣí lónìí, inú ìwé la ó máa kọ ọ́ sí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, wàá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Ìjù."

Mo súnmọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Gẹ̀ẹ́sì wúwo lójú mi. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ ohun tó ń ṣe é, mo máa ń dà á kọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí ọ̀gbẹ́ni náà tó tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ọ́, kò yàtọ̀ rárá. Mo wá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń so ètò mọ́ orúkọ nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ méjì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ọ̀kan ní 32 lẹ́yìn, èkejì ní 64. 64 ló ń ṣí ṣáá. Bẹ́ẹ̀ 32 ló wà lójú ètò wa.

Ta ni èmi tí n ó sọ fún àgbà pé ó ṣìnà? Nílé wa, ìbéèrè ni ọmọdé fi ń tọ́ àgbà sọ́nà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni iṣẹ́ 32 yìí? N kò mọ̀ ọ́n ni."

"Ti àwọn ètò àtijọ́ ni." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ètò wa, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "O ò mọ̀ ọ́n ni, àbí?"

Ó fi dráífà 32 sí i. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ará Oǹdó, o káre!"

"Ọmọ yín yìí ni, Màmá. Ẹ má dá a padà sí Ìjù o."

Àga ni Màmá fà wá síwájú kọ̀ǹpútà fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo jókòó, mo tẹ orúkọ àwọn aláboyún tó wá ní ọjọ́ mẹ́ta náà. Obìnrin kan láti Ìta-Ògbólú, tí wọ́n ní ìbejì ló wà nínú rẹ̀, ni mo fi ṣáájú.