Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Àdá Wá Bá Wa Ní Ọsibítù

Mo rántí ìgbà tí òkúta àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí páànù ọsibítù wa ní Fìdítì. Ó dún gbàù, ó yí gbirigbiri, ó já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ garawa tí àwọn aláìsàn fi ń fọwọ́. Mo ṣebí àwọn ọmọdé ló ń sọ̀kò sí máńgòrò. Mo ti ń múra àtijáde lọ bá wọn wí nígbà tí èkejì dé, tí ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, tí òkúta wá ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ya.

Àkókò kòrónà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ara mi ń yá gágá, aṣọ funfun mi kì í ní àbàwọ́n kankan. Láti Ilora ni mo ti ń wá láràárọ̀ lórí ọ̀kadà, bí àwọn ọlọ́pàá tó dínà bá sì ti rí aṣọ náà, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí orí mi wú. Mo gbà pé ibi tí aṣọ funfun bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo ayé ló máa dákẹ́ gbọ́. Mátírọ̀n wa, obìnrin kúkúrú kan tó ti gbẹ̀bí fún ìyá, tó tún gbẹ̀bí fún ọmọ ní ìlú náà, a máa wò mí, a rẹ́rìn-ín músẹ́. A ní, "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ kọ́ ló ń wo aláìsàn sàn o."

Ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ti tilẹ̀kùn nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù, àwọn aláìsàn náà ń bẹ̀rù. Níbi tiwa, àwọn tó ṣẹ́kù kò ju Mátírọ̀n, èmi, àti Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì lọ. Mátírọ̀n kọ̀, kò tilẹ̀kùn. Ó ní kòrónà kò sọ fún oyún pé kó dúró, kò sì sọ fún ibà pé kó má pa ọmọdé. Ó pa àtíbàbà sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá géètì. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná yóò jókòó sí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn aláboyún ń gbà, kí wọ́n má baà kó àrùn. Bàbá ọlọ́dẹ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn rẹ̀ a máa jáde lábẹ́ ìbòmú: "Ẹ fọwọ́ yín kí ẹ tó kí mi o! Bí ẹ ò bá fọwọ́, mi ò jẹ́ yín lóhùn!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fọ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tiwa, ọjọ́ kan yẹn pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú ìlú pé ilé ikú ni àtíbàbà yẹn, pé ẹni tó bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ la ó fi pa á kí ìjọba lè rí òkú kà. Èmi náà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́nu géètì, mo ń ṣàlàyé àrùn fún gbogbo ẹni tó ń kọjá bí ìgbà tí tíṣà ń kọ́ kíláàsì. Òyìnbó tí mo dà lù ú kò mọ níwọ̀n. Ìyá àgbà kan dúró títí, ó wá béèrè lọ́wọ́ Bàbá ọlọ́dẹ pé kí ni mò ń tà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ burúkú yẹn, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń kó ọsàn lọ sí Èkó wá. Gbogbo Fìdítì ló mọ ọlọ́sàn náà. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá, ọ̀dọ́kùnrin fìrìgbọ̀n kan. Èémí aláìsàn náà ń já, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọsibítù wa kò ní ohun tí a lè fi gbà á là ju pé kí a gbé e jókòó dáadáa, kí a sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Mátírọ̀n pe ọkọ̀ aláìsàn títí, wọ́n ń sọ fún un pé ó ń bọ̀. Ọkọ̀ kò dé. Ọlọ́sàn kú sábẹ́ àtíbàbà, orí rẹ̀ wà ní itan àbúrò rẹ̀.

Àbúrò náà kò sunkún. Ó ní kí a gbé òkú fún òun, kí àwọn lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára kí ilẹ̀ tó ṣú. Mátírọ̀n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. A ò gba òkú yín lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ẹni méjì wá, a ó fún wọn ní aṣọ àti ìbọ̀wọ́, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ níbí lójú Lẹ́múùmù. Ẹ má ṣáà fi ọwọ́ lásán kàn án. Ohun tó pa á ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ pa á," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ó ń mí nígbà tí mo gbé e wá."

Ó jáde lọ. A gbé òkú sí yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá géètì. A ṣebí Lẹ́múùmù ló lọ pè.

Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán nígbà tí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìyàwó tíṣà kan ń rọbí lọ́wọ́ nínú ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Mo sáré dé ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́ ló kún ojú títì, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú àdá, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Bàbá ọlọ́dẹ ti ti géètì, ó fẹ̀yìn tì í. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Aláboyún wà nínú ilé o! Ẹ̀yin ọmọ mi, aláboyún wà nínú ilé!"

Géètì wó lù ú. Wọ́n gun orí rẹ̀ kọjá. Mo rí igi tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Mo rí i pé ẹni tí wọ́n ń lù kò mira mọ́, síbẹ̀ wọn kò ṣíwọ́. Iná sọ lára àtíbàbà, ewé máńgòrò ń ta pàràpàrà lókè. Àwọn kan fi ẹní wé òkú ọlọ́sàn, wọ́n gbé e sáré lọ. Mo rò pé ohun tí wọ́n wá mú nìyẹn, wọn yóò lọ. Wọn kò lọ.

Mátírọ̀n sáré jáde lọ bá Bàbá. Òkúta kan bà á ní ẹ̀bátí. Bó ṣe ń ṣubú ló kígbe sí mi: "Má fi obìnrin yẹn sílẹ̀!"

Mo tilẹ̀kùn yàrá ìbímọ. Èmi àti ìyá ọkọ wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, a fi dí i. Ọmọ ti ń yọrí. Òkúta kan fọ́ fèrèsé wọlé, ó da àwo tí mo to irinṣẹ́ sí nù, abẹ́rẹ́ tí mo ti fà sílẹ̀ de ẹ̀yìn ìbímọ fọ́ yángá. Ìyá ọkọ na ara rẹ̀ bo ìyàwó ọmọ rẹ̀, àfọ́kù gíláàsì sì gún un lẹ́yìn. Ó ń pe Jésù, àwọn tó wà níta náà ń pe Ọlọ́run. Inú ariwo yẹn ni ọmọbìnrin kan ti wá sáyé, a ò tiẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀.

Ibi ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dúró. Mo wọ́ ikùn rẹ̀ títí, ṣe ló ń dà sí i. Oògùn tó ń dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kì í fẹ́ ooru, inú fíríìjì ló ń gbé, fíríìjì sì wà ní yàrá tó wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ nǹkan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Mo gbé ọwọ́ ìyá ọkọ lé ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ máa wọ́ ọ báyìí. Ẹ má dáwọ́ dúró, bí wọ́n tilẹ̀ wọlé."

"Ṣé o máa padà wá?"

"Mò ń bọ̀, mà."

Mo sún kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, mo yọ́ jáde. Mo wọ gáwùn, mo wọ ìbòmú, ẹ̀jẹ̀ sì mù mí dé ìgúnpá. Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí mi, wọ́n fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ju igi sílẹ̀. "Kòrónà! Ẹ má jẹ́ kó kàn yín!" Àwọn tó ń sọ ọ́ káàkiri ìlú pé irọ́ ni kòrónà ló ń fi ògiri nura nítorí rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kúrò lójú kan. Àbúrò ọlọ́sàn ni, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá fíríìjì pẹ̀lú àdá.

"Ibo lò ń lọ?"

"Obìnrin kan ń kú lọ nínú yàrá yẹn. Oògùn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ."

"Ta ló wá oògùn fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó ṣá mi.

Mo ti máa ń rò pé ojú ẹsẹ̀ ni àdá ń dunni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi igi gbá mi ní apá òsì, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà rọ̀ jọwọlọ. Mo rí egungun mi. Òun náà rí i. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí fíríìjì, mo mú oògùn, mo fi eyín ja ọ̀rá abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn yòókù ń kígbe pé, "Ó ti ṣá nọ́ọ̀sì o!", tí wọ́n ń sá gun ara wọn.

Bí mo ṣe fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ yẹn, Ọlọ́run ló yé. Ohun tí mo rántí ni pé ìyá ọkọ ń wọ́ ikùn náà, ó ń sunkún, kò dáwọ́ dúró, títí ẹ̀jẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di apá mi. Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ọmọ ń ké.

Àwọn ọlọ́pàá dé nígbà tí gbogbo nǹkan ti di eérú. Bàbá ọlọ́dẹ kú kí wọ́n tó gbé e dé Ọ̀yọ́. Wọ́n rán orí Mátírọ̀n, wọ́n rán apá mi. Ìdílé mi ní n kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn, títí mo fi gbọ́ pé Mátírọ̀n ti ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú bándéèjì lórí, tó tún ti ní kí wọ́n pa àtíbàbà mìíràn. Ojú tì mí láti jókòó sílé.

Kò pẹ́ tí mo padà ni mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn. Àwọn tó fi ọwọ́ lásán wẹ òkú ọlọ́sàn ti ń wúkọ́ kiri ilé, ìyá tó bí ọlọ́sàn ló sì wà lẹ́yìn ọkùnrin náà. Àbúrò ọlọ́sàn ni ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá a, tó ti sá wọ oko. Ó rí àwọn ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu géètì. Kò yà, kò dúró. Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wo tèmi."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà ló nà án sí àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n dè é.

Mo dúró gbagidi. Mátírọ̀n gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ìyá náà, ó ń wò mí. Mo lọ, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìyá náà nàró kó lè mí. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ aláìsàn dé kíákíá. Ìyá náà yè. Nígbà tó padà wálé, ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dá a lóhùn.

Ní ìlú Awẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí n gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Síbẹ̀, mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo ti lè kórìíra ọmọkùnrin náà láìrántí bí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wà ní itan rẹ̀ tí a ń retí ọkọ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ilora, òun ló jókòó níwájú. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n dé. Ó rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níbi tí àyè ò ti sí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Mo dá a lóhùn, nítorí a kì í kọ ìkíni. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i pé mo ti di irin àga iwájú mú pinpin, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ tú. Obìnrin tó jókòó tì mí wò mí, ó béèrè pé ṣé mo mọ ọkùnrin yẹn ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo tọ́jú ìyá rẹ̀ nígbà kan.