Físíìsì tí Mo Ní Kí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

Oṣù Kejìlá ni lẹ́tà dé pé yunifásítì ti gba ọmọbìnrin mi wọlé. Ẹnjiníà ló fẹ́ di, bíi tèmi. Ó ṣì ku oṣù márùn-ún kó parí girama, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó ti parí. Ní Nàìjíríà tí wọ́n ti bí mi, lẹ́tà yunifásítì ló máa ń gbẹ̀yìn. Èèyàn á ti ṣèdánwò tán, èsì á ti jáde, kí lẹ́tà ọ̀hún tó dé. Tó bá ti dé, ọpẹ́ ló kù.

A sì dúpẹ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé wa wọ aṣọ funfun, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Westchase, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, a jó lọ síwájú pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n ní ká forí balẹ̀ gbàdúrà, ọmọ mi forí balẹ̀, kò sì gbé e mọ́. Àwọn ìyá ìjọ ń pariwo Halelúyà, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé e. Èmi mọ̀ pé oorun ni. Físíìsì tó ń ṣe lọ́dún ìkẹyìn yẹn ló ń jí i ní ìdájí lójoojúmọ́, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ní oṣù Kìíní, mo lọ sí ilé ìwé ẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ físíìsì kúrò, kí wọ́n fi àwòrán yíyà rọ́pò ẹ̀. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó máa ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn nípa yunifásítì ló dá mi lóhùn. Ó ní lẹ́tà yẹn kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Yunifásítì á béèrè èsì ọdún tó gbẹ̀yìn, wọ́n sì rí físíìsì nínú ohun tí ọmọ náà kọ ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi wọ́n ná. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń ṣọ́ páìpù gáàsì ní Deer Park láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ṣé fọ́ọ̀mù ló máa wá dẹ́rù bà mí? Mo sọ nínú ara mi pé àwọn wọ̀nyí ò kúkú fẹ́ kí ọmọ tiwa débi tó ń lọ. Mo fọwọ́ síwèé. Mo ní kí ọmọ náà lọ sinmi, ó sì fọwọ́ sí tiẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ ìkìlọ̀ obìnrin náà fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ní oṣù Kẹfà, lẹ́tà mìíràn dé. Yunifásítì ní àwọn ò rí físíìsì nínú èsì ẹ̀. Kí ọmọ náà ṣàlàyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gba àyè náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìjókòó ni mo fi parí ẹ̀. Ìyàwó mi gba ìwé náà, ó kà á, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Daddy, níbo lẹ wà?"

Ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní màá mú wòlíì wa dání, àti dókítà kan nínú ìjọ tó kàwé ní yunifásítì náà, a ó wọ agbádá, a ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Tí àgbàlagbà mẹ́ta bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ta ni ò ní gbà?

"Daddy, please, no," ọmọ mi ní. "They don't do that here. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà."

"Kọ ọ́ pé ara rẹ ò yá nígbà náà."

"But I wasn't sick, Daddy."

Ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó kọ ọ́, ó sì fún mi kà. Ó ní ó rẹ òun, òun rí ọ̀nà tó rọrùn, òun sì gba ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti òun. Òun ṣe tán láti ṣe físíìsì náà kí yunifásítì tó wọlé. Mo wá ara mi nínú lẹ́tà náà títí, mi ò rí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Wọ́n gbà, pé kó lọ ṣe físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí wa, kó sì yege. Ó ṣe é, ó yege, yunifásítì ló wà báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà. Èmi ni mo gbé e lọ. Aago mẹ́jọ ò tíì lù, oòrùn ti ń jóni níbi tí a gbé mọ́tò sí. Ara mi ò gba ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ náà mọ́.

"Obìnrin ilé ìwé yín yẹn kìlọ̀ fún mi," mo ní. "Mi ò sọ fún ẹ. Má bínú."

Ó ń fa báàgì ẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò. "I know. She told me too. Ó ní mo lè sọ pé mi ò fẹ́."

"Kí ló dé tí o wá fọwọ́ sí i?"

Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká.

"Ẹ ní kí n lọ sinmi, Daddy," ó ní. "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."