Alhaji Abdulwahab, Ẹni Tó Ń Bá Kọ̀ǹpútà Nájà

Irọ́ kọ́, ó ṣojú Àlàkẹ́. Alhaji Abdulwahab, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Sókótó, bínú sí kọ̀ǹpútà, ó dé fìlà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

Àlàkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, lọ̀rọ̀ kàn. Bí kò bá fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò ní wọ yàrá ìdánwò. Olùkọ́ ní kó ka ìwé ìwádìí mẹ́wàá lórí ibà. Ó tẹ "ibà" sínú àká ìwé ìṣègùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló tú jáde.

"Albarka!" ni Alhaji figbe ta. Ohun tí ọlọ́jà Kofar Doya máa ń sọ fún ẹni tó bá dá owó tí kò tó nìyẹn. Alhaji nìkan ni oníbàárà tó ń sọ ọ́ fún ọlọ́jà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ kó lè pè mí padà ni."

Kọ̀ǹpútà ò pe ẹnikẹ́ni. Alhaji bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó bá rọra padà wá jókòó.

"Ọlọ́jà yìí le o! Ó dáa. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá ló ń pẹ́ lọ́jà. Ibà ta ni?"

"Ti aboyún, sà."

"Fi ÀTI so wọ́n pọ̀. ÀTI ló ń já iye wálẹ̀."

Ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

"Albarka! Aboyún ibo?"

"Ti Nàìjíríà." Ó di irínwó. Wọ́n ní kó mú ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn nìkan wá, ó di ọgọ́ta.

Ọjà níná wá dùn mọ́ Àlàkẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó fi Kofar Marke, àdúgbò rẹ̀, kún un. Òdo!

"Subhanallah! O ti bú ọlọ́jà! Ta ló ń béèrè ọjà lọ́fẹ̀ẹ́? Yọ Kofar Marke kúrò, kó o sì tọrọ àforíjì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àlàkẹ́, ṣùgbọ́n Alhaji ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan títí ó fi bẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi "oògùn TÀBÍ àwọ̀n ẹ̀fọn" kún un. Ó di méjìlá.

"Ó tó!" Alhaji gbọn máòsì bí ẹni ń bọ ọlọ́jà lọ́wọ́. "Bá wa dì í."

Iṣẹ́ Àlàkẹ́ wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣèdánwò, ó yege.

Kò sí ohun tí Alhaji kì í ná. Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, dókítà ní kó lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́sibítù. "Albarka," ni Alhaji wí, "mẹ́ta." Wọ́n fẹnu kò sí márùn-ún. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ameenat, ìyàwó rẹ̀, ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí i bí? Ó tún yọ ọ̀kan!"

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àlàkẹ́ tẹ orúkọ Alhaji sínú àká ìwé yẹn. Òdo. Ó dùn ún wọra. Ogún ọdún ni bàbá yìí fi bá ọmọ ọlọ́mọ wá ìwé, ìwé kan ṣoṣo ò sì mọ̀ ọ́n.

Ló bá jókòó ti iṣẹ́ ibà aboyún náà, ó tún un kọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìwádìí. Orúkọ Alhaji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, torí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá ìwé rẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àlàkẹ́ tún tẹ orúkọ náà. Ọ̀kan péré ló jáde.

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò ná an.