Abẹ́rẹ́ Bàbá Télọ̀

Òórùn nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, mi ò lè gbà á sára mọ́. Bí ìyàwó mi bá ṣí ìgò rẹ̀ nínú yàrá, ìta ni mò ń gbà lọ. Bátìrì fóònù tó ti wú gan-an máa ń rùn bẹ́ẹ̀, òórùn dídùn kan tó ń há ni lọ́fun, òun ló sì kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Muṣin lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Bàbá télọ̀ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé fóònù náà wá. Ó ti ń ránṣọ ládùúgbò wa kí wọ́n tó bí mi. Ìyàwó rẹ̀ pẹ́ lọ́sibítù kó tó kú. Bàbá ò mọ̀wé kà, torí náà ohùn ni ìyá náà máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Inú fóònù yẹn nìkan ni gbogbo ẹ̀ wà. Bátìrì ti wú débi pé ó gbé gíláàsì sókè, àmọ́ tá a bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó ṣì ń tàn.

“Kì í ṣe fóònù ló ń dùn mí, ọmọ mi. Ohùn ẹ̀ ni. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó o tó ṣí i.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Tí mo bá ṣe tán, ẹ máa gbọ́ ọ títí á fi sú yín.”

Ọ̀rẹ́ mi, ìgbéraga ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ǹ bá kọ́kọ́ kó àwọn ohùn náà sórí fóònù mìíràn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níta, ojú sì ń kán mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́: etí mi ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà, ọwọ́ mi ni ò gbọ́.

Láyé àtijọ́, èékánná lásán la fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì á sì bọ́ sí ọ látẹ́lẹwọ́. Ti ìsinsìnyí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́nú, bíi pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe láyé. Mo fi ẹ̀rọ gbígbóná yọ́ ọ, kò gbà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní tí bátìrì bá wú, ká gún un lábẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kó lè rọlẹ̀. Mo ti ṣe é rí, kò sóhun tó ṣe mí. Mi ò rí abẹ́rẹ́ tèmi, ni mo bá ní kí Bàbá yá mi ní ọ̀kan. Ó yọ ọ́ láyà dàńṣíkí rẹ̀ níbi tó ń fi í há, ó nà án sí mi.

Bátìrì náà hó ṣìì. Èéfín funfun yọ, lẹ́yìn náà iná. Mo da iyanrìn lé e, ó jó mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín fi máa lọ, inú fóònù ti yọ́ pọ̀ mọ́ gíláàsì.

Bàbá ò bú mi. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé ohùn ẹ̀ náà jóná?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Ojú tì mí, mi ò lè wò ó. Nígbà tó yá, ó fi áńkáṣíìfù di èyí tó ṣẹ́ kù, ó sì lọ. Kò béèrè abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń ṣòfin lókè òkun kí ẹni tó ra fóònù lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì. Inú bí mi, torí mi ò mọ ẹni tó máa ṣe é fún wa níbí. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì ló jẹ̀bi. Wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́. Àmọ́ gọ́ọ̀mù kọ́ ló ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kí n tó ṣí fóònù ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń bi í bóyá ohùn ẹnì kan wà nínú ẹ̀. Tó bá ní ó wà, mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èrò ẹ̀yìn ẹ̀ ì báà tò dé Ojú Ẹlẹ́gbà.